Orí Kẹfà: Òkèlè Kan Péré

Àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń gbé kọ́ọ̀bù tíì lé ló fi bu àmàlà tirẹ̀. Kì í ṣe pé àmàlà ti tán nínú ìkòkò o. Èyí tó bù fún mi ga bí òkè Olúmọ, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kò tó ẹyin adìyẹ méjì. Ó gbé ẹja kan tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bu ewédú àti gbẹ̀gìrì lé e lórí, ó wá jókòó. Ẹja ló kọ́kọ́ jẹ tán pátá, ó ń yọ egungun rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà. Lẹ́yìn náà ló gé òkèlè kan tí kò ju orí àtàǹpàkò ọmọdé lọ, ó fi kan ọbẹ̀, ó fi sẹ́nu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rún un.

"Ta ló ń rún òkèlè?" ni mo bi í.

Ẹ̀rín pa á. "Ẹ̀gbọ́n mi, bí mo bá gbé e mì bí ẹ ṣe ń gbé e mì yẹn, ẹ máa wá bọ́kẹ́ẹ̀tì fún mi kíákíá ni."

Ìyá Ìbejì ni n ó máa pè é nínú orí yìí. London ló ń gbé, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ló sì ń ṣe. Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, kílò 118 ló wọ̀n. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára rẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà ti wọlé, orúnkún rẹ̀ sì ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró. Ọkọ rẹ̀ kì í sùn dáadáa, nítorí pé bó bá ń hanrun lóru, á ṣàdédé dákẹ́, kò ní mí rárá, kó tó tún wá fa èémí bí ẹni tó rì sómi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí. Àwọn dókítà gé bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpò oúnjẹ rẹ̀ dànù. Èyí tó kù kò ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan lọ.

Bí wọ́n bá dárúkọ iṣẹ́ abẹ fún ẹni tó sanra nílẹ̀ wa, ohun tó máa ń sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn ni ikú Ìyáàfin Stella Ọbásanjọ́, aya ààrẹ ìgbà náà, tí wọ́n kú ní Spain ní oṣù kẹwàá ọdún 2005 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ẹwà. Ọ̀tọ̀ ni ìyẹn, ọ̀tọ̀ ni ohun tí à ń sọ níbí. Iṣẹ́ abẹ ẹwà a máa fa ọ̀rá jáde lábẹ́ awọ. Kò kan àpò oúnjẹ, kò kan ìfun, kì í sì í wo ìtọ̀ ṣúgà. Èyí tí à ń sọ kì í fọwọ́ kan ọ̀rá rárá. Ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà kọjá ló ń tún ṣe. Mo ti rí ẹni tó pa méjèèjì pọ̀, tó sì tìtorí bẹ́ẹ̀ sá fún ìtọ́jú tí ìbá gba orúnkún rẹ̀ là.

Kí Ìyá Ìbejì tó fojú kan dókítà oníṣẹ́ abẹ, ó lé ní ọdún kan tó fi ń lọ tó ń bọ̀: ó dé ọ̀dọ̀ onímọ̀ oúnjẹ, ó dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, ó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń wo ìrònú ọkàn, tó fẹ́ mọ̀ bóyá ìbànújẹ́ ló ń gbé e dé ìdí fíríìjì lóru. Inú ń bí i nígbà náà. Ó ní, "Wọ́n ń ṣe mí bí ẹni tó ń tọrọ físà." Ọjọ́ tó wá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa mú ọ̀bẹ gan-an, ó ti gbára dì fún ìwàásù. Ó ti mọ̀ ọ́n lórí: dín oúnjẹ kù, máa rìn. Ó ti tó ogún ọdún tó ti ń gbọ́ ọ. Ó ti mu omi gbígbóná pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́, ó ti mu àgbo tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti Ìjẹ̀bú, ó ti san owó jímù ọdún kan tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹrin ló débẹ̀. Kílò mẹ́wàá á lọ, kílò mẹ́tàlá á padà.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí dókítà náà bi í ni pé, "Nílé yín, ta ló ń dáná?"

Ó ní òun ni.

"Bí àwọn ọmọ bá jẹun kù, ta ló ń jẹ ẹ́?"

Ó ní ẹ̀rín ni òun kọ́kọ́ bú sí. Ẹ̀rín yẹn kò tíì tán tí omijé fi dé. Nínú gbogbo dókítà tó ti rí, kò sí èyí tó bi í bẹ́ẹ̀ rí. Àwa tí wọ́n tọ́ pé a kì í da oúnjẹ nù, inú wa náà la fi ń ṣe ààtàn.

Ọkùnrin náà fa bébà jáde, ó ya àpò oúnjẹ sí i bí ẹni ya kèrègbè, ó sì fa ìlà kan gbà á ní òòró. Ó ní ẹ̀gbẹ́ yìí la máa gbé jù, kò sì ní hù padà. Ó ka ohun tó lè ṣẹlẹ̀ fún un láìfi ọ̀kankan pamọ́: ẹ̀jẹ̀ lè dì ní ẹsẹ̀ kó sì gòkè lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ojú ibi tí wọ́n rán lè jò, ẹ̀mí lè lọ sí i. Ní ilé ìwòsàn tí ọwọ́ wọn ti mọ́ ọn, àwọn tó ń bá a lọ kò tó ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n ó ní kò sí bí òun ṣe lè mọ ẹni tó máa jẹ́ ṣáájú. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tí Ìyá Ìbejì ṣì ń sọ dòní: "Wákàtí kan àbọ̀ ni tèmi. Gbogbo ìyókù, ìwọ lo ni ín."

Mo ti bá àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ yìí sọ̀rọ̀ ní London, mo ti bá wọn sọ̀rọ̀ ní Èkó. Bí mo bá ní kí wọ́n sọ nípa dókítà wọn, kì í ṣe ọ̀bẹ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Ìjókòó àkọ́kọ́ yẹn ni. Bóyá ó wo ojú wọn. Bóyá ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn tán kó tó fèsì. Obìnrin kan ní dókítà tòun dìde láti lọ wá àga tó fẹ̀ fún òun kó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ó ní ọjọ́ yẹn lòun ti mọ̀ pé òun máa fi ara òun lé e lọ́wọ́.

Òdiwọ̀n tí wọ́n fi ń yan ẹni tó kàn kò ṣòro. Mú kílò rẹ, fi gíga rẹ ní mítà pín in, kí o tún fi gíga yẹn kan náà pín èsì rẹ̀. Mítà 1.65 ni Ìyá Ìbejì ga, kílò 118 ló sì wọ̀n, nítorí náà 43 ni tirẹ̀. Ní Britain, 40 ni ìlànà ìtọ́jú wí, tàbí 35 bí àìsàn bí ìtọ̀ ṣúgà bá wà níbẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó wà lọ́hùn-ún kò mọ̀ ni pé ìlànà yẹn ní kí wọ́n yọ 2.5 kúrò nínú òdiwọ̀n fún ẹni tó bá jẹ́ ìran Áfíríkà aláwọ̀ dúdú tàbí ìran Éṣíà, nítorí pé ìtọ̀ ṣúgà kì í dúró dìgbà tí a bá sanra tó òyìnbó kó tó mú wa. 37.5 ló di tiwa. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ yìí ní Amẹ́ríkà àti ti àgbáyé tiẹ̀ sọ ọ́ kalẹ̀ sí 35 ní ọdún 2022, àìsàn wà o, àìsàn kò sí o. Ṣùgbọ́n kí ẹgbẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀ lọ̀tọ̀, kí ẹni tó ń sanwó gbà lọ̀tọ̀.

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ jù. Èyí tí wọ́n ṣe fún Ìyá Ìbejì ni wọ́n ń pè ní sleeve: wọ́n á gé àpò oúnjẹ ní òòró, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ kan tó jọ stéplà inú ọ́fíìsì gún ojú rẹ̀ pọ̀ bí wọ́n ṣe ń gé e lọ. Èkejì ni bypass. Nínú ìyẹn, wọ́n á ya ibi kékeré kan sọ́tọ̀ lókè àpò oúnjẹ, tí kò gbà ju bí mìlílítà 30 lọ, wọ́n á sì fa ìfun wá so mọ́ ọn, kí oúnjẹ lè fo èyí tó pọ̀ jù nínú àpò náà àti ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kọjá. Wọn kì í sábà la ikùn gbàrà mọ́. Ihò wẹ́wẹ́ mélòó kan ni wọ́n ń gbà wọlé pẹ̀lú kámẹ́rà.

Ara àwọn aláìsàn ni àwọn dókítà ti kọ́ iṣẹ́ yìí, ìtàn rẹ̀ sì dùn. Ní Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà, Dókítà Edward Mason ṣàkíyèsí pé àwọn obìnrin tí wọ́n gé lára àpò oúnjẹ wọn nítorí ọgbẹ́ inú kì í sanra mọ́. Ní ọdún 1966, òun àti Chikashi Ito bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bypass. Èrò wọn kò lọ́jú pọ̀: bí àpò bá kéré, oúnjẹ á kéré, ara á sì fúyẹ́. Gbogbo ayé gba bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Àmọ́ ní Greenville, ní ìpínlẹ̀ North Carolina, Dókítà Walter Pories àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń rí ohun kan tí kò bá èrò yẹn lọ. Ṣúgà àwọn tí wọ́n ṣe bypass fún ń wálẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, nígbà tí ẹni náà kò tíì fọn rárá. Ẹni tó gun abẹ́rẹ́ ínsúlínì wá sílé ìwòsàn ń lọ sílé láìgba abẹ́rẹ́. Nígbà tí wọ́n tẹ àbájáde wọn jáde ní 1995, èèyàn 608 ni wọ́n ti ṣe é fún, 146 nínú wọn ló ní ìtọ̀ ṣúgà, ṣúgà 121 sì ti padà sí bó ṣe yẹ, ó sì dúró síbẹ̀. Àkọlé tí wọ́n fún ìwé náà jẹ́ ti ẹni tí ẹnu yà: wọ́n ń béèrè pé ta ni ìbá ti rò ó.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Inú wa kì í ṣe àpò lásán. Ẹlẹ́nu ni. Ní 1999, àwọn onímọ̀ méjì ní Japan, Masayasu Kojima àti Kenji Kangawa, rí èròjà kan tí àpò oúnjẹ ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, tó ń lọ sọ fún ọpọlọ pé ebi dé. Ghrelin ni wọ́n pè é. Apá òkè àpò oúnjẹ ló ti ń jáde jù, apá yẹn gan-an sì ni sleeve ń gé sọnù. Lẹ́yìn bypass ẹ̀wẹ̀, oúnjẹ a máa yára dé ìsàlẹ̀ ìfun, ìfun á sì tú èròjà mìíràn tí wọ́n ń pè ní GLP-1 jáde lọ́pọ̀lọpọ̀. Ìyẹn ló ń sọ fún ọpọlọ pé ó tó, tó sì ń ta ínsúlínì jí.

Bí Ìyá Ìbejì ṣe sọ ọ́ yé mi ju bí ìwé ṣe sọ ọ́ lọ. Ó ní ní ọ̀sẹ̀ kejì, òun wo aago, ó ti lé ní aago méjì ọ̀sán, òun kò sì tíì rántí oúnjẹ. "Ẹ mọ̀ bí wọ́n ṣe máa ń pa jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò? Ẹ ò ní mọ̀ pé ó ń pariwo tó bẹ́ẹ̀ títí tó fi máa dákẹ́." Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè é ní wọ̀bìà nílé wọn. Ẹni tí jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀ kì í kú ni à ń pè bẹ́ẹ̀, tí ẹni tí tirẹ̀ kì í tàn á sì máa fi ìkóra-ẹni-níjàánu yangàn.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú iṣẹ́ abẹ, mílíìkì àti yọ́gọ́ọ̀tì nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ oúnjẹ rẹ̀. Kì í ṣe ìyà ni wọ́n fi jẹ ẹ́. Ẹ̀dọ̀ ẹni tó sanra a máa kún fún ọ̀rá, ó sì máa ń bo àpò oúnjẹ mọ́lẹ̀. Bí kò bá sún kì, ọwọ́ dókítà kò ní ráyè. (Ó jẹ́wọ́ fún mi pé òun jí dòdò mẹ́ta jẹ.) Nígbà tó jí lẹ́yìn oògùn akunnilóorun, ikùn kọ́ ló dùn ún jù, èjìká ni. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n fẹ́ sínú ikùn kí kámẹ́rà lè ríran ló máa ń ta èèyàn lójú èjìká bẹ́ẹ̀ kó tó tán. Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, nọ́ọ̀sì ti gbé e dìde pé kó rìn, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì sí i lẹ́sẹ̀. Ife kékeré tí wọ́n fi ń wọn oògùn ikọ́ ọmọdé ló fi ń mu omi, ní ìfabu kọ̀ọ̀kan, láàárọ̀ títí di alẹ́. Ohun olómi fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, ohun tí wọ́n lọ̀ kúnná tẹ̀ lé e, ohun rírọ̀ tẹ̀ lé ìyẹn. Ó tó bí oṣù méjì kó tó jẹ oúnjẹ gidi.

Ibẹ̀ ni wàhálà tí kò sí nínú ìwé ilé ìwòsàn ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé tí wọ́n fún un mọ ànàmọ́ gígún, ó mọ ẹja inú agolo, ó mọ ọbẹ̀ tòmátì olómi. Kò mọ ẹ̀bà. Kò mọ̀ pé èèyàn wà láyé yìí tí kì í rún oúnjẹ. Àwa Yorùbá, láti ìgbà tí wọ́n ti gba ọmú lẹ́nu wa ni wọ́n ti kọ́ wa bí a ṣe ń gbé òkèlè mì. Ẹni tó bá ń rún un, ọmọdé tàbí àlejò ni. Bẹ́ẹ̀ ohun tó le jù lójú ọ̀nà tóóró tí dókítà fi sílẹ̀ ni ohun tó bá dì mọ́ra wọn: búrẹ́dì rírọ̀, ìrẹsì gbígbẹ, iyán. Iyán gan-an ni ọ̀tá. Òkèlè kan péré tó bá há sí i láyà, itọ́ á máa dà lẹ́nu bí ìfófòó ọṣẹ, àyà á máa dùn ún, títí ohun náà á fi padà bọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ló dán iyán wò. Orí ìdúró ní ilé ìwẹ̀ ló wà fún wákàtí kan.

Omi náà ńkọ́? Àwa tí a máa ń fi omi ti oúnjẹ. Wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ mu omi mọ́ oúnjẹ, ó di bí ìdajì wákàtí lẹ́yìn tó bá jẹun tán. Èròjà amáradàgbà sì gbọ́dọ̀ ṣáájú, ìyẹn ẹja, ẹyin, adìyẹ, ẹ̀wà, kí àyè tó tán. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ ẹja tán kó tó kan àmàlà lójú mi. Òun fúnra rẹ̀ ló jókòó tú ìwé òyìnbó sí oúnjẹ tiwa. Mọ́ínmọ́ín ló gbà á là: ó rọ̀, ó lágbára, kì í há. Ẹ̀wà tí wọ́n sè kó rọ̀ dáadáa tún dára. Àkàrà, epo rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ̀kọ, omi àti sítáṣì ni, kò ní nǹkan nínú. Ó ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan, ó sì ti ya á fún obìnrin mẹ́ta. Èmi kò rò pé ó yẹ kó jẹ́ iṣẹ́ aláìsàn láti ṣe èyí, ṣùgbọ́n inú mi dùn pé ẹnì kan ti ṣe é.

Nígbà tó di oṣù kẹrin, irun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já. Èyí wọ́pọ̀ fún ara tó bá fọn lójijì, irun náà a sì máa hù padà, ṣùgbọ́n sọ ìyẹn fún obìnrin tó ń rí irun lórí ìrọ̀rí láràárọ̀. Ojú rẹ̀ ti kọ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ wá láti Ìbàdàn nígbà ọjọ́ ìbí àwọn ìbejì, ó sì pè é wọ yàrá. "Ìyàwó mi, ṣé kò sí nǹkan? Àbí ọmọ mi kò fún ọ lówó oúnjẹ ni?" Nínú ìjọ, ẹnì kan rọra bi í bóyá ó ti lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Lẹ́nu wa, "o ti rù" kì í ṣe ìkíni. Ìbánikẹ́dùn ni. Bó bá lọ sí òde, tí wọ́n gbé ìrẹsì àti ẹran wá síwájú rẹ̀, tó sì tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀mẹta, olóde á bínú. Ó wá di ẹni tó ń di oúnjẹ sínú ọ̀rá kí wọ́n lè rò pé ó jẹ ẹ́.

Nínú àwọn tó sún mọ́ ọn, èmi àti ọkọ rẹ̀ nìkan ló mọ̀ nípa iṣẹ́ abẹ náà. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó ní, "Wọ́n á ní mo gba ẹ̀bùrú." Ẹ wo obìnrin tó ń fi ife oògùn mu omi, tó ń rún àmàlà, tó ń gbé oògùn mì lójoojúmọ́ títí ikú fi máa dé, ẹ̀bùrú ni wọ́n á pè é!

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọkùnrin kan tí mo bá sọ̀rọ̀ ní Ìkẹjà. Tọ́kì ló lọ. Iye tí wọ́n dá lé e níbẹ̀ kò tó ìdajì iye tí ilé ìwòsàn aládàáni kan sọ fún un ní London, wọ́n sì fi ọkọ̀ tó máa gbé e ní pápákọ̀ òfurufú àti yàrá hòtẹ́ẹ̀lì mọ́ ọn. Àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ló tó rí dókítà, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ògbufọ̀ ló sì dúró láàárín wọn. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó ń mu sìgá. Ọjọ́ kẹfà ló wọ bàálù padà. Ọjọ́ kẹsàn-án, ibà dé, àyà rẹ̀ ń lù kìkì bí ẹni tó sáré, ikùn sì ń dùn ún dé èjìká. Ojú ìrán ti ń jò. Ilé ìwòsàn méjì ní Èkó ló kọ̀ ọ́, wọn kò fẹ́ fọwọ́ kan iṣẹ́ tí wọn kò mọ bí wọ́n ṣe ṣe é. Ẹ̀kẹta gbà á. Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lórí ibùsùn, rọ́bà ń fa ọyún jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, oúnjẹ ń gba rọ́bà mìíràn wọlé. Nọ́ńbà tó fi ń pe àwọn tó ṣe é fún un kò lọ mọ́.

N kò sọ pé àwọn dókítà Tọ́kì kò mọ iṣẹ́. Àwọn tó mọ̀ ọ́n dunjú wà níbẹ̀, mo sì mọ àwọn tó ti ibẹ̀ dé láìsí wàhálà. Ojú ìrán lè jò níbikíbi. Ohun tó bà mí lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí ni pé nígbà tó jò, kò ní dókítà. Ní Èkó àti Àbújá, àwọn ilé ìwòsàn aládàáni kan ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ yìí, owó ńlá ni, ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá bi mí léèrè, ìbéèrè tí mo máa ń ní kí ó gbé lọ síbẹ̀ kì í ṣe ti owó. Mélòó lo ti ṣe lọ́dún tó kọjá? Bí ibà bá mú mi lóru ọjọ́ kẹsàn-án, ta ni n ó pè, ṣé ó sì máa gbé e? Ta ló máa yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò ní ọdún karùn-ún? Dókítà tí ìbéèrè yìí bá bí nínú, ó ti fèsì.

Ọdún karùn-ún kì í ṣe àwàdà. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí, ara kì í rí fítámì B12, èròjà irin, calcium àti fítámì D gbà bó ṣe ń rí i gbà tẹ́lẹ̀, bypass ló sì burú jù. Fítámì B12 lè tán nínú ara láìsí ariwo, kí ẹsẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í kú tipiri, kí ìrántí máa lọ. Ẹni tó bá ń bì léraléra ní oṣù àkọ́kọ́ lè pàdánù fítámì B1, ìyẹn sì lè ba ọpọlọ jẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kò gbọ́dọ̀ jókòó sílé máa retí pé ó máa lọ. Òkúta lè bẹ̀rẹ̀ sí í dì nínú àpò òróòro. Ọtí a máa tètè gun èèyàn, ìgò kan á ṣiṣẹ́ méjì, àwọn kan sì wà tí wọn kì í ṣe ọ̀mùtí tẹ́lẹ̀ tí wọ́n wá dì í. Ẹni tó ṣe bypass tó bá mu mínírà, òógùn lè bò ó, kí ara máa gbọ̀n, kí ilẹ̀ máa yí i, kí ìgbẹ́ gbuuru tẹ̀ lé e.

Fún àwọn obìnrin: oyún a máa tètè dúró nígbà tí ara bá fọn, ó sì ti ká ọ̀pọ̀ mọ́ láìròtẹ́lẹ̀, nítorí pé oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí wọ́n ń gbé mì lè má ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Oṣù 12 sí 18 ni wọ́n ní kí èèyàn dúró kó tó lóyún. Ààwẹ̀ gbígbẹ náà ní ewu ní ọdún àkọ́kọ́, ìbáà jẹ́ ti Ràmàdáànù tàbí ti orí òkè, nítorí pé ife kékeré yẹn kò lè dí omi ọjọ́ kan láàárín wákàtí díẹ̀. Pásítọ̀ Ìyá Ìbejì ní kí gbogbo ìjọ gba ààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún lóṣù kìíní. Ìyá Ìbejì ní ọgbẹ́ inú ń ṣe òun.

Ṣé kílò náà kì í padà? Ó ń padà díẹ̀. Diego Maradona ṣe bypass ní Cartagena, ní Colombia, lọ́dún 2005. Gbogbo ayé rí i bó ṣe fọn, gbogbo ayé sì tún rí i bó ṣe sanra padà. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ni Maradona, ìgbésí ayé rẹ̀ sì ní ọ̀rọ̀ mìíràn nínú. Ní Sweden, láti 1987 ni wọ́n ti ń tẹ̀ lé èèyàn 4,047, nǹkan bí ìdajì ṣe iṣẹ́ abẹ, ìdajì kò ṣe. Nígbà tí wọ́n kọ̀wé ní 2007, àwọn tó ṣe bypass ti pàdánù 32 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn ní ọdún kìíní sí ìkejì. Lẹ́yìn ọdún 15, wọ́n ṣì fúyẹ́ ju tàtẹ̀yìnwá lọ pẹ̀lú 27 nínú ọgọ́rùn-ún. Ikú sì dín kù láàárín àwọn tó ṣe é ju àwọn tí kò ṣe é lọ. Mi ò mọ oúnjẹ dáyẹ́ẹ̀tì kankan tó lè fi irú èyí hàn lẹ́yìn ọdún 15.

Ẹ máa béèrè nípa abẹ́rẹ́ tuntun, Ozempic àti Wegovy. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ọ̀nà lọ̀tọ̀: èròjà inú wọn ń ṣe bíi GLP-1 tí ìfun ń tú jáde. Ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá dá a dúró, ebi á tan jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ padà, kílò púpọ̀ á sì padà wọlé; ẹni tí owó rẹ̀ kò ká a lóṣooṣù gbọ́dọ̀ ro ìyẹn. Èyí tí wọ́n ń tà lábẹ́lẹ̀ lójú íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ìyá Ìbejì fọn dé kílò 79, kílò 84 ló wà báyìí. Oògùn ìtọ̀ ṣúgà ti kúrò, ti ẹ̀jẹ̀ ríru ku ẹyọ kan. Ọkọ rẹ̀ ń sùn. Awọ ikùn rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀ bí àpò tí wọ́n tú ẹrù inú rẹ̀, kò sì fẹ́ràn láti wo dígí nílé ìwẹ̀. Mo bi í bóyá ó tún máa ṣe é bí ó bá di àná. Ó ní òun ìbá ti ṣe é ní ọdún mẹ́wàá ṣáájú, ṣùgbọ́n òun ìbá ti sọ fún ìyá ọkọ òun.

Nígbà tí mo jẹ àmàlà tèmi tán, tirẹ̀ ṣì ku òkèlè mẹ́ta. Ó fi bébà dídán bò ó, ó gbé e sínú fíríìjì fún alẹ́. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá jókòó nídìí oúnjẹ rẹ lọ́la, tó sì ní òun ti yó, jọ̀wọ́, má ní kó fi tìrẹ ṣe. Gbé àwo.